Joromi wo lẹ ń wí?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ìwé orin ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣí tí ìwé ìròyìn yín bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Joromi" wà lára àwọn orin tí kì í gbó lóde àríyá. Ó parí síbẹ̀, ẹ ò dárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Joromi wo?

Ọ̀rọ̀ yìí ti kó bá wa rí ni mo ṣe ń pariwo. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé ọgọ́rin ọdún, ohun kan ṣoṣo tó ní ká ṣe fóun ni ká fi Joromi mú òun wọlé. Àbúrò wa lọ jíṣẹ́ fún DJ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbé ẹsẹ̀ kan, ohùn Simi ló jáde. Orin náà dùn, ẹ má ṣì mí gbọ́, àwọn ọmọ-ọmọ ti fò dìde. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá rẹ̀ tilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò tíì gbọ́ orin òun. A ní kí ọmọkùnrin kan wá a lórí fóònù. Kò tíì tẹ orúkọ náà tán tí Wizkid fi gbé "Joro" sí i!

Victor Uwaifo, onígìtá ọmọ Ẹdó, ni ẹ̀gbọ́n mi ń wá. Tiẹ̀ ti jáde láti 1965, ó sì gba àwo wúrà fún un lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àwo Philips ní 1966. Akọni oníjàkadì inú ìtàn Ẹdó ni Joromi tiẹ̀. Ti Simi, ti 2017, tó wà nínú àwo Simisola, orin ìfẹ́ ni. Wọ́n ń dì mọ́ra nínú méjèèjì o, àmọ́ kì í ṣe ohun kan náà ni wọ́n ń fi dídìmọ́ra náà ṣe.

Mo ta kásẹ́ẹ̀tì l'Ókè-Fìà, Òṣogbo, títí CD fi lé e kúrò nígboro. Lọ́dún 1988 ni Sikiru Ayinde Barrister gbé Fuji Garbage jáde. Kò pẹ́, Series II dé, Series III tẹ̀ lé e, New Fuji Garbage tún dé. Oníbàárà á wọlé, á ní, "Fún mi ní Gábéèjì." Èwo nínú wọn? "Èyí tó dùn yẹn." Lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé e padà, téèpù ti fà jáde bí indomie, ó ní kì í ṣe èyí tóun fẹ́ rà nìyẹn. Nígbà tó yá, mi ò fún ẹnikẹ́ni mọ́ àfi tó bá kọ díẹ̀ nínú ẹ̀ fún mi gbọ́. Àwọn tí ohùn wọn ò dáa náà kọ ọ́! Synchro System ti Sunny Adé náà rí bẹ́ẹ̀: Synchro System Movement ti 1976 wà, èyí tó ṣe fún ilé-iṣẹ́ àwo Island ní 1983 náà wà. Nígbà tí àwo Àṣá, akọrin obìnrin yẹn, jáde ní 2007, ìyá kan bi mí bóyá orin àṣà ìbílẹ̀ ni, torí kò sí àmì lórí orúkọ tó rí.

Mi ò ní kí olórin má sọ orin rẹ̀ ní orúkọ tó wù ú. Táíwò mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa, a ò sì tíì gbé ẹrù ọ̀kan fún èkejì rí, torí Táíwò onígàrí là ń pe ọ̀kan, Táíwò télọ̀ là ń pe èkejì. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyẹn: ẹ kọ orúkọ olórin, ẹ kọ ọdún tí orin jáde, kẹ́ ẹ sì fi àmì ohùn sí i tó bá jẹ́ Yorùbá.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé níkẹyìn o. Ọmọ mi kan ló rí ti Uwaifo lórí fóònù, ló gbé e sẹ́nu máìkì. Ìrẹsì ti tutù nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì jó débi tó fi gbàgbé ọ̀pá rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Oníkásẹ́ẹ̀tì,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.