Kí Wọ́n Jíyìn, Kí Wọ́n Sì Sinmi Díẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa,

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ yìí, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ aláàánú tí ìjọ wa ń tì lẹ́yìn yóò fi ẹnu iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọn yóò sì lọ fún ìpàdé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn ọdọọdún. Àwọn kan nínú yín ti bi mí léèrè pé, nígbà tí àwọn opó àti àwọn ọmọ aláìlóbìí ṣì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣé ó yẹ kí àwọn tí ń bójú tó wọn lọ jókòó síbì kan láti kẹ́kọ̀ọ́ àti láti gbàdúrà? Ìbéèrè náà kò burú, nítorí ìfẹ́ àwọn aláìní ni ó bí i, ó sì tọ́ kí n dáhùn rẹ̀.

Ìwé Máàkù orí 6 ni ọkàn mi máa ń lọ sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Olúwa wa ti rán àwọn méjìlá jáde ní méjì méjì, nígbà tí wọ́n sì padà dé, wọ́n kó ara wọn jọ sọ́dọ̀ Rẹ̀, wọ́n ròyìn gbogbo ohun tí wọ́n ṣe àti gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ àwọn ènìyàn. Lẹ́yìn ìròyìn yìí ni Ó tó pè wọ́n lọ sí ibi tí ó dá, kí wọ́n lè sinmi díẹ̀, nítorí àwọn tí ń wá àti àwọn tí ń lọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò fi ráyè jẹun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyèsí i pé èrò kò tíì tán nígbà tí Ó pè wọ́n kúrò níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí àìní bá tán láyé ni òṣìṣẹ́ Ọlọ́run yóò tó sinmi, kò sí ẹni tí ìsinmi yóò kàn láéláé.

Ṣùgbọ́n ìjíyìn ni ó ṣáájú, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Mo bá wọn jókòó ní ìpàdé tí ó kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ já sí láàárín ọdún. Arábìnrin tí ó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn tí a ń fún ní oúnjẹ dìde, ó ṣí ìwé náà, ó sì fi ìka lé orí ìlà kan. Orúkọ opó kan wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àyè tí ó yẹ kí opó náà tẹ ìka sí ṣófo fún oṣù mẹ́rin léraléra. Ó ní òun rò pé ìyá náà ti kó lọ ni, àṣé àìsàn ni ó dá a dúró sílé, kò sì sí ẹni tí ó lọ wò ó. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ó ti ń sọ ọ́. Olórí àjọ náà kò bá a wí. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá ó ku àwọn mìíràn.” Wọ́n ṣí ìwé náà lójú ewé lójú ewé títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an, wọ́n sì rí àwọn mìíràn. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn, inú mi sì dùn púpọ̀ pé wọn kò sùn ní alẹ́ ọjọ́ náà kí wọ́n tó yanjú rẹ̀.

Bí ọ̀ràn ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn nínú ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 6, níbi tí àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì ti ń ráhùn pé a gbàgbé àwọn opó wọn nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì kò sẹ́, wọn kò sì bínú sí àwọn tí ó ráhùn. Wọ́n ní kí a yan ọkùnrin méje tí ó ní orúkọ rere, orúkọ àwọn méjèèje sì jẹ́ orúkọ Gíríìkì, láti Sítéfánù títí dé Níkólásì ará Áńtíókù. Ó dá mi lójú pé ohun rere ni pé irú àwọn ènìyàn tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta ni a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọn yóò lo odindi òwúrọ̀ kan lórí bí a ṣe ń kọ ìṣirò owó àti bí a ṣe ń tọ́jú rìsíìtì, ẹ má ṣe sọ pé ohun ti ayé ni. Pọ́ọ̀lù kò dá gbé owó tí àwọn ìjọ kó jọ fún àwọn ẹni mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, àwọn ẹlòmíràn bá a lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí i lẹ́sẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo bá wọn sọ ṣáájú ìpàdé yìí: kí wọ́n dín ètò náà kù. Ní ìgbà tí ó kọjá, láti ìdájí di òru ni ẹ̀kọ́, nígbà tí yóò sì fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn kan ti ń sùn lórí àga. Nígbà tí ó rẹ Èlíjà débi pé ó bẹ̀bẹ̀ fún ikú, oorun, àkàrà tí a yan lórí ẹ̀yinná àti ìgò omi ni áńgẹ́lì kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì jí i láti jẹun, kí Ọlọ́run tó bá a sọ̀rọ̀ ní òkè Hórébù. Wọ́n ti gbà pé ọ̀sán ọjọ́ kejì yóò ṣófo pátápátá.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pè wọ́n lórí fóònù. Àwọn alàgbà yóò pín oúnjẹ bí ó ti yẹ, wọn yóò sì lọ sí ilé àwọn tí kò lè rìn, ìwé orúkọ yóò sì wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, kí ó wá sí ọ́fíìsì ìjọ. Èmi fúnra mi yóò wà níbẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀.

Èmi ni olùṣọ́-àgùntàn yín.