Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: Ọ̀sẹ̀ Ẹṣin àti Màlúù ní Wyoming

Ẹ̀yin èèyàn wa, a kí yín o. Ọ̀sẹ̀ tí a ó lò ní ráǹṣì (oko ńlá tí wọ́n ti ń sin màlúù) ní ẹsẹ̀ òkè Bighorn, ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, nínú oṣù Keje ti ń sún mọ́lé. Ọjọ́ Àìkú la ó dé, Sátidé la ó padà.

Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìgbafẹ́ lásán. Iṣẹ́ màlúù gidi ni: a ó dà wọ́n láti pápá kan sí òmíràn, a ó sì wá èyí tó bá yà kúrò lára agbo. Màlúù kò fẹ́ ariwo. Bí èèyàn bá ń kígbe, tó ń fi ẹṣin sáré lé wọn, ìyá á já ọmọ sílẹ̀, agbo á sì tú. Ẹ̀gbẹ́ èjìká màlúù ni ká rọra gbà. Bí a bá sún mọ́ ọn, á lọ. Bí a bá fà sẹ́yìn, á dúró. Ó wù mí gan-an kí àwọn ọmọ wa fojú ara wọn rí èyí.

Bàtà tó ní gìgísẹ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹsẹ̀ má baà há sínú irin tí a ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lára gàárì. Ẹ mú akoto fún àwọn ọmọ. Ẹ mú súẹ́tà pẹ̀lú, òtútù ń mú níbẹ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga, ẹ máa mu omi dáadáa.

Ẹni tí kò gun ẹṣin rí, kó má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí kálukú fi ọjọ́ orí, gíga àti ìwúwo rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Òun ni wọ́n fi ń yan ẹṣin fúnni.

Akọ̀wé ẹgbẹ́