Ta ló so Balewa lọ́wọ́ ní 1965?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Ẹ bá mi fún ẹni tó kọ̀wé nípa Alhaji Abubakar Tafawa Balewa nínú ìwé ìròyìn yín lésì. Ó ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni, pé agbára kan ò sí lọ́wọ́ rẹ̀, pé Sàdáúnà, Ahmadu Bello, Prẹ́míà Àríwá, ló ń pàṣẹ fún un láti Kàdúná.

Ti ìwà jẹ́jẹ́, mo gbà. Obì ni mò ń tà ní Sábó, Ṣágámù, àwọn Alhaji tí à ń bá ná an kì í fẹ́ gbọ́ aburú nípa baba tó wà lára náírà 5. Èmi náà ò sì gbọ́ ọ rí pé ó kówó ìlú jẹ. Tíṣà ni, ó ṣe mínísítà iṣẹ́, ó ṣe ti ìrìnnà, kó tó di olórí ìjọba Nàìjíríà ní 1957.

Àmọ́ ta ló ní kò lágbára? Nígbà tí Faransé ò yéé dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà, Balewa lé aṣojú wọn kúrò ní Èkó ní 1961. Ẹ tún wo 1962. Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ni àwọn aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn fi àga jà n'Íbàdàn. Inú gbọ̀ngàn ni ìjà náà pin sí. Nígbà tó di ọjọ́ 29, Balewa ti kéde ìjọba pàjáwìrì, ó fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso, gbogbo mínísítà Ìwọ̀-Oòrùn sì lọ sílé. Bóyá ó bi Sàdáúnà, bóyá kò bi í, ó ṣáà ṣe é.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá 1965 la dìbò ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ti Akíntọ́lá, Prẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn, ní àwọn wọlé, ará ìlú ní irọ́ ni, ni wẹ́tìẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ènìyàn àti ilé, tí wọ́n ń sun wọ́n. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Wọ́n sun ilé kan tó kọjú sí tiwa, páànù rẹ̀ ń dún gbàù gbàù nínú iná. Ìyá mi wọ́ àwọn agbọ̀n obì lọ sẹ́yìnkùlé, ó da ewé gbòdògì tútù lé wọn lórí, ó tún ń bu omi sí i. Dírẹ́bà tí kò bá so imọ̀ ọ̀pẹ, àmì ẹgbẹ́ alátakò Action Group, mọ́ iwájú ọkọ̀, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sí pàjáwìrì. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1966, Balewa gba àlejò Harold Wilson àti àwọn olórí Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ní Èkó. Ọ̀rọ̀ Rodéṣíà, tó ń jẹ́ Zimbabwe lónìí, ni wọ́n jókòó lé, nígbà tí àwa ò lè gbé obì kọjá Ìkòròdú. Ọjọ́ 15 ni àwọn ṣójà wá mú un, wọ́n sì pa á. Ikú yẹn ò tọ́ sí i, mi ò sọ pé ó tọ́ sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé yín dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: kí ló dé tí ìjà àga fi gba pàjáwìrì láàárín ọjọ́ mẹ́rin, tí iná ilé wa ò gbà á fún oṣù mẹ́ta? Kó rántí pé pàjáwìrì 1962 ló parí tí Akíntọ́lá fi padà sórí àga Prẹ́míà ní 1963. Èyí tí wọn ò kéde ní 1965 náà ló jẹ́ kí Akíntọ́lá wà lórí àga náà.

Èmi ni,
Ìyá Olóbì,
Sábó, Ṣágámù.