Ẹ má fi owó dí akọrin lẹ́nu

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti alẹ́ Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e síta fún àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá.

Ọmọ mi obìnrin ló mú mi lọ sí ilé oúnjẹ kékeré kan ní Wuse 2, tí kò lè gbà ju ogójì èèyàn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orin tiwọn, tó sì ń fi gìtá kan ṣoṣo gbè é, ló fẹ́ ṣeré. Kò sí ìlù rárá. Ká sòótọ́, mi ò retí nǹkan kan. Ẹni tí gángan ti ń pè jó láti kékeré, kí ni gìtá kan fẹ́ ṣe fún un?

Ọmọkùnrin ará Jos kan ló kọ́kọ́ jókòó. Haúsá ló fi kọrin, n kò sì gbọ́ ju ìdajì lọ, àmọ́ bó ṣe rọra ń ta okùn gìtá yẹn gbé mi padà sí àárọ̀ Sọ́ńdè nílé bàbá mi: rédíò á máa kọ Jim Reeves, màmá wa á máa din àkàrà, kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ̀rọ̀ sókè títí orin á fi tán. Ará Amẹ́ríkà tó ń kọ orin country, tó ti kú láti 1964 o, síbẹ̀ ilé wa ò kà á sí àlejò. Ẹni tó bá sì ní orin country ò kan Yorùbá, kó tún gbọ́ àwo orin Juju Music tí Sunny Adé gbé jáde ní 1982. Gìtá tó ń fa ohùn bí ẹni ń sunkún níbẹ̀, tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta, irú èyí tí wọ́n fi mọ àwọn olórin country gan-an ni.

Ọmọbìnrin Yorùbá kan ló tẹ̀ lé e. Ó ní ìyá ìyá òun lòun kọrin fún, màmá tó fi ẹ̀kọ títà tọ́ ọmọ, tó wá darúgbó, tí kò mọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ó dé ibi tí màmá ti ń bi í pé, "Ìwọ, ọmọ ta ni ọ́?", ni ọ̀gbẹ́ni alágbádá kan bá dìde. Igba náírà, igba náírà, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ náà níwájú orí. Ẹni tó ń ta gìtá ò lọ́wọ́ tó máa fi gbowó. Ọ̀kan já bọ́ sórí okùn, gìtá ké gbì, ohùn ọmọ náà yẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi orí kí bàbá. Tẹlifíṣọ̀n tí wọn ò pa lẹ́yìn rẹ̀ sì ń fi bọ́ọ̀lù hàn, àwọn kan pariwo góòlù. Orin bá bàjẹ́.

N kò bá bàbá yẹn jà, inú rere ló fi ṣe é. Olórin jùjú á pè ọ́ lórúkọ, á kì ọ́ dé orí bàbá rẹ, ìwọ náà á dìde dá a lóhùn pẹ̀lú owó. Ọmọ yìí ò ki ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ilé wọn ló ń sọ, etí wa ló ń tọrọ. (Ká tiẹ̀ fi ti òfin sílẹ̀: òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ní ẹni tó bá ń lẹ náírà mọ́ èèyàn lójú agbo lè fi ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ó kéré tán jura, tàbí kó san ìtanràn tí kò dín ní N50,000. Bá a ṣe ń ṣe òde ní Àbújá yìí, ẹ̀wọ̀n Kuje ò ní gbà wá.)

Ẹni tó bá pe akọrin síbi oúnjẹ rẹ̀, kó pa tẹlifíṣọ̀n. Kó sì gbowó lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ la wọlé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹja yíyan ni wọ́n fi gba owó wa, nígbà tí mo sì bi ọmọ náà, ó ní oúnjẹ àti owó mọ́tò dé Nyanya ni wọ́n fún òun. Ẹni tó fẹ́ ta á lọ́rẹ, kó jẹ́ kó kọrin tán, kó sọ ọ́ sínú àpò gìtá tó ṣí sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Mo ti ní kí ọmọ mi wádìí ọjọ́ tó tún máa kọrin. Mo ṣì fẹ́ gbọ́ èsì tó fún màmá.

Èmi òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá