A ń gbé etí odò, a ń fi itọ́ bọ́jú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ dáàmù Kámpè tó wà ní Omi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Yàgbà, ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo fẹ́ sọ: ó yẹ kí wọ́n máa fi omi rẹ̀ tan iná fún wa.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé dáàmù tí kò bá tóbi tó Kàǹjì kò lè tan iná. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí omi bá pọ̀ níwọ̀nba, tó sì ń já láti ibi gíga, iná wà nínú rẹ̀. Láti 1929 ni wọ́n ti dá NESCO, ilé-iṣẹ́ iná kan, sílẹ̀ lágbègbè Jọ́ọ̀sì, odò kéékèèké ló fi ń tan iná, nígbà tí Kàǹjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Tiwa tiẹ̀ tún yá jù, torí ògiri àti adágún tó máa ń gbówó jù ti wà nílẹ̀. Nítorí oko ni wọ́n ṣe ṣe é. Omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ fún oko yẹn náà lè kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ iná kó tó kọjá lọ bá ìrẹsì, kò sì ní dín.

Ẹ yà sí ibi tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ ní abúlé wa. Àwọn ìyá á ti bó tiwọn tán láti àárọ̀, wọ́n á to agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n á máa retí ẹlẹ́rọ tó lọ wá epo bẹntiróòlù. Bí kò bá rí epo, ẹ̀gẹ́ á sùn síbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Bó bá rí i, owó rírin á ti gbẹ́nu sókè. Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ̀rù kan ló ń bà mí. Ní dáàmù Ọyán, ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ̀rọ mẹ́ta, mẹ́gáwáàtì mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1983. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà níbẹ̀ láìtan iná fún ẹnikẹ́ni. Àwa kò fẹ́ irú ìyẹn. Kí wọ́n ra òpó àti wáyà pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ Omi àti Ẹ̀jìbà ní àtúnṣe rẹ̀, kí iná sì kọ́kọ́ dé àwọn abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.

Òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti pèsè iná tirẹ̀. Kí ìjọba ní Lọ́kọ́ja àti àjọ tó ni dáàmù, tó fìdí kalẹ̀ sí Ìlọrin, jọ jókòó. Kí wọ́n wọn omi yìí lẹ́ẹ̀rùn àti lójò, kí wọ́n sì wá sọ iye iná tó wà níbẹ̀ fún wa ní gbangba.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ kan ní Ẹ̀jìbà