Lẹ́tà sí àbúrò mi ní Àgbádárìgì, tí ẹnìkan bá a san owó ọsibítù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

O kú ewu ọmọ. O kú ìnira iṣẹ́ abẹ náà. Ọlọ́run yóò wo ìyá, yóò sì wo ọmọ.

Ohun tí o bi mí lórí fóònù kọjá ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́, tí mo sì kọ ọ́ síta gbangba kí ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lè rí i kà. O dé ibi ìsanwó, wọ́n ní ẹnìkan ti san án, wọn ò sì dárúkọ onítọ̀hún. Láti ọjọ́ náà lo ti ń rò ó: ta ni, kí ló fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, báwo ni mo ṣe máa san án padà? Owó tí ẹ ti tù jọ fún ọsibítù sì wà nílé, o ò lè fọwọ́ kàn án.

O ò ní san án padà. Kì í ṣe gbèsè. Ṣùgbọ́n gbígba oore náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ Kristẹni ni kò sì mọ iṣẹ́ ọ̀hún ṣe, nítorí fífúnni nìkan ni wọ́n máa ń kọ́ wa lórí pẹpẹ.

Kọ́kọ́ rí i dájú pé owó náà wọlé, kó o sì mọ ibi tó dé. Padà lọ gba rìsíìtì tí nọ́ńbà káàdì rẹ wà lórí rẹ̀. Wò ó bóyá iṣẹ́ abẹ nìkan ni wọ́n san, tàbí ó kan bẹ́ẹ̀dì, oògùn, àyẹ̀wò, àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fà sí ọ lára. Ní ọ̀pọ̀ ọsibítù, ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn àti ibi àyẹ̀wò máa ń ní ìwé owó tiwọn lọ́tọ̀, ẹni tó bá san owó wọ́ọ̀dù lè má mọ̀ pé nǹkan ṣì wà níbòmíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú: ìyá ọmọ á ti jó délé, wọ́n á tún pè é pé owó kù. Tí ó bá ku díẹ̀, san án, kí o sì gba ìwé tó fi hàn pé o ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Díẹ̀ tó kù yẹn kò sọ oore náà di àbọ̀.

Má wá ẹni tó san án. Má fi ọgbọ́n bi nọ́ọ̀sì, má sì fún ẹni tó ń gbowó ní nǹkan kó lè tú àṣírí. Jésù ló ní kí ọwọ́ òsì má mọ ohun tí ọwọ́ ọ̀tún ń ṣe (Mátíù 6:3), onítọ̀hún sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí tìẹ pẹ̀lú. Ká ní o mọ̀ ọ́n, gbogbo ìgbà tí ẹ bá pàdé ní ọjà Àgbálátà ni wàá máa kúnlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ọmọdé sí ọ ńkọ́?

Ó kan owó tó wà nílé. Pín in sí mẹ́ta bí ó ṣe wọlé. Èyí tí o yá, dá a padà lọ́sẹ̀ yìí, kódà bí olówó bá ní òun ò kánjú, torí owó ẹ̀yáwó tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán kì í pẹ́ rí iṣẹ́ mìíràn ṣe. Èyí tí ẹbí dá fún ọ, pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, sọ fún wọn pé ẹnìkan ti san owó náà, kí o sì bi wọ́n bóyá kí o dá tiwọn padà. Ọ̀pọ̀ yóò ní kí o fi ra ọṣẹ ọmọ. Ẹnìkan tàbí méjì lè gbà á. Má fi ṣe ìbínú, wọ́n lè ti fa owó náà yọ níbi tó ń dùn wọ́n. Ohun tí o ò gbọdọ̀ ṣe ni kí o dákẹ́. Ìròyìn yóò dé etí wọn, lọ́jọ́ tí àìsàn bá tún kan ilé ẹlòmíràn nínú ẹbí, wọ́n á ní irọ́ ni. Èyí tó jẹ́ tìẹ gan-an, àjọ tí o kó, ná an sára rẹ àti ọmọ.

Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ẹ̀rí ọkàn ti ń gún ọ. Ṣí ìwé Rúùtù, orí kejì. Òfin Mósè ti ní kí olóko má kórè eteetí oko rẹ̀ tán, kó fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò (Léfítíkù 19:9). Nítorí náà, ẹ̀tọ́ Rúùtù, opó tó jẹ́ àlejò, ni pèéṣẹ́, ìyẹn ṣíṣa ọkà tí àwọn olùkórè fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Bóásì tó ni oko tún pe àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa mọ̀ọ́mọ̀ fa ọkà yọ nínú ìdì, kí wọ́n jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀ fún un, kí wọ́n má sì bá a wí. Èyí kò sí nínú òfin. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún Rúùtù. Ó kàn ń ṣà á ni, bóyá ó ń rò pé ilẹ̀ ibẹ̀ lọ́ràá. Nígbà tó pa ọkà náà lálẹ́, ó tó éfà kan, nǹkan bíi 22 lítà ọkà bálì: kẹ́ẹ̀gì oní-25 lítà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Alápèéṣẹ́ wo ló ń rí ìyẹn kó lọ́jọ́ kan?

Wo ẹsẹ 14 náà dáadáa. Wọ́n fún un ní ọkà yíyan lọ́sàn-án, ó jẹ, ó yó, ó sì ṣẹ́ kù. Èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tó yó ló gbé fún Náómì ìyá ọkọ rẹ̀ nílé. Kò febi pa ara rẹ̀ lóko kó lè fi hàn pé òun moore. Ìwọ ti fẹ́ gbé oúnjẹ fún Náómì kó o tó tọ́ ọ wò.

Nítorí náà, jẹun. Tí òwú tí wọ́n fi rán ọ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń yọ, wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ láàárín ọjọ́ 5 sí 10. Ya owó ọkọ̀ àti owó ìtọ́jú ọgbẹ́ sọ́tọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 6, ohunkóhun tó bá wúwo ju ọmọ rẹ lọ, má gbé e, torí náà sanwó fún ẹni tí yóò máa bá ọ gbé àpò àgbọn láti Àjàrà lọ sọ́jà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ tún wà ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ìjọba kì í gba owó lórí wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ́ lo máa fi gbé ọmọ débẹ̀. Ìyókù, dá a padà sínú òwò. Ẹni tó san owó rẹ kò san án kí ọjà rẹ lè kú.

Ní ti ọkùnrin tó ní kí o wá san owó irúgbìn láti fi de oore náà kó má baà lọ, ka 2 Ọba orí 5 fún un. Náámánì, balógun Síríà tó ní ẹ̀tẹ̀, kó tálẹ́ńtì fàdákà 10, ṣékélì wúrà 6,000 àti ìpàrọ̀ aṣọ 10 wá. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ mọ́, ó rọ wòlíì Èlíṣà kó gba ọrẹ, Èlíṣà búra pé òun ò ní gba nǹkan kan. Géhásì ìránṣẹ́ rẹ̀ ló sáré tẹ̀ lé e, tó purọ́, tó gba tálẹ́ńtì 2 àti aṣọ 2, ẹ̀tẹ̀ Náámánì sì lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé nígbà tí wọn ò gba ọrẹ Náámánì, ńṣe ló tún tọrọ sí i: ó ní kí wọ́n fún òun ní erùpẹ̀ ẹrù ìbaaka méjì. Ẹni tó mọ oore gbà nìyẹn. Ìdámẹ́wàá àti ọrẹ rẹ, máa san wọ́n bí o ti ń san wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré tẹ̀ lé ọ lẹ́yìn tí oore ti dé, Géhásì ni.

O béèrè nípa ìyá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, tí ẹnikẹ́ni ò bá san tirẹ̀. Mi ò ní àlàyé kankan fún un, má sì gba ti ẹni tó bá ní òun ní in. Mátíù 20 kò tilẹ̀ gbìyànjú àlàyé. Nínú òwe tí Jésù pa níbẹ̀, àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ní wákàtí kọkànlá, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, gba dénárì kan, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, iye kan náà pẹ̀lú àwọn tó ti wà lóko látàárọ̀. Olóko ló tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ san ti àwọn tó dé kẹ́yìn. Ká ní ó kọ́kọ́ san ti àwọn àárọ̀ ni, wọn ì bá ti lọ sílé láì mọ nǹkan kan. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i, wọ́n sì kùn. Àwọn kan nínú ìjọ yóò kùn sí ọ bákan náà, pé ìwọ tí o ò wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì rí. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, o ò wá. Má jà sí i.

Tí o bá wá fẹ́ ṣe nǹkan fún irú ìyá yẹn lọ́jọ́ iwájú, kì í ṣe láti fi san gbèsè, má fún un lówó lọ́wọ́, má sì fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òṣìṣẹ́ kankan. Béèrè òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn aláìsàn tí kò lówó, tàbí nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù. Sọ pé ẹni tí dókítà ti ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n tí owó dá dúró, lo ń wá. Béèrè iye tó kù gan-an, títí kan oògùn. San án síbi ìsanwó ọsibítù, kí wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sórí rìsíìtì. Fi owó ọkọ̀ àti oògùn ọ̀sẹ̀ kan kún un, nítorí ẹni tí wọ́n san owó rẹ̀ tí kò rówó ọkọ̀ ṣì máa sùn síbẹ̀. Má ya fọ́tò. Tí agbára rẹ bá mọ sórí oògùn nìkan, ra oògùn.

Nígbà tí ara rẹ bá yá, rìn lọ sí Marina, wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì tí wọ́n parí ní 1845. Ọdún yẹn gan-an ni Àjàyí Crowther dé Àgbádárìgì. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ọdún kejì ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tí wọ́n kó o sí, tí wọ́n gbé e lọ sí Sàró (Sierra Leone). Kò tíì mọ Ọlọ́run tó gbà á là, kò sanwó ìràpadà, kò sì sí bó ṣe lè wá àwọn awakọ̀ yẹn rí. Ó ju ọdún kan lọ tó fi dúró nílùú yín kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣí, ìgbà tó sì débẹ̀ ní 1846 ló rí ìyá rẹ̀. Ìtumọ̀ Bíbélì tó ṣe, kò fi san owó ọkọ̀.

Ó ku ìdúpẹ́. Fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọ kí wọ́n tó tẹ ìwé ètò ìsìn Sunday. Ẹ̀rí rẹ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ: ohun tó dé bá ọ, pé ẹnìkan san án, pé o dúpẹ́. Má dárúkọ iye. Má sọ pé àwọn ẹlòmíràn ò bọ́ níbẹ̀, pé ìwọ lo bọ́. Ẹni tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ lè jókòó sẹ́yìn rẹ. Fi ohun tí o ní sínú àpò ìwé, kọ orúkọ ọmọ sí i, ó parí. Aṣọ ẹbí kò sí níbẹ̀, owó yíyá láti se ìrẹsì fún ìjọ kò sì sí níbẹ̀, kó má di pé Ọlọ́run pa gbèsè kan rẹ́, ìwọ lọ jẹ òmíràn láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ìyá ọkọ rẹ bá ta kú pé àfi kí ẹ pa nǹkan, adìyẹ méjì tó, kí wọ́n sì wá bá ọ sè é. Jẹ́ kí àwọn náà gbé ọmọ jó lọ síwájú pẹpẹ. Ìwọ máa rìn jẹ́jẹ́ bọ̀ lẹ́yìn, ọgbẹ́ rẹ kò tíì gba ijó.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.