Ẹ Bá Wa Tẹ Àwòrán Ọta Máàsì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ kẹta rèé tí ọmọ iṣẹ́ mi kò jẹ́ kí n sinmi lórí àwòrán ojú ènìyàn tí ẹ tẹ̀, tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀ pé ta ló gbẹ́ ẹ sórí Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì pupa nì. Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni mò ń ṣe jẹun ní Iléṣà láti ọdún 1989. Ọ̀rọ̀ òkúta kò ṣàjèjì sí mi, èyí sì dùn mí.

Kò sẹ́ni tó gbẹ́ ẹ. Viking 1, ọkọ̀ ìwádìí Amẹ́ríkà tó ń yí Máàsì po, ló ya àwòrán yẹn ní oṣù keje ọdún 1976, nígbà tí oòrùn ti rẹlẹ̀, tí òjìji bo apá kan òkè náà. Nígbà tí wọ́n tún un yà kedere ní 2001, òkè lásán ni. Ohun tó dà bí ilẹ̀kùn nínú àwòrán Máàsì, tí wọ́n pariwo ní 2022 ńkọ́? Òkúta tó sán ni, gíga rẹ̀ kò ju rúlà ọmọ iléèwé lọ.

Èyí tó yẹ kí ẹ fi odidi ojú ìwé sọ ni òkúta wẹ́wẹ́ róbótó tí ọkọ̀ ìwádìí Amẹ́ríkà, Opportunity, rí níbẹ̀ ní 2004. Wọ́n kéré bí ẹ̀wà, wọ́n fọ́n sílẹ̀ bí àgbàdo tó dà lẹ́nu àpò. Irin ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn onímọ̀ ní omi tó ń rìn nínú òkúta ló gbé irin náà, tó ń dì díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ọta.

Ara mi yá gágá nígbà tí mo gbọ́, torí mo mọ irú ẹ̀. Níbí, ká tó kan omi, a sábà máa ń bá yangí pàdé, díígà á máa dún gan-gan. Ọta pupa róbótó máa ń wà nínú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi òòlù fọ́ ọ̀kan: ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí irin tó dógùn-ún, inú rẹ̀ yí po ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà tí a gé, àárín rẹ̀ dúdú. Òjò àti ooru ló ṣe tiwa, ti Máàsì sì ti pẹ́ ju tiwa lọ fíìfíì. Síbẹ̀, irin àti omi náà ni.

Ọmọ tó bá gbà pé ẹnìkan ló gbẹ́ ojú síbẹ̀ kò ní béèrè ibi tí omi Máàsì gbà lọ. Ìbéèrè yẹn kì í jẹ́ kí n sùn, èmi tí mo ń fi gbogbo ọjọ́ ayé mi wá omi.

Ìlàjì èyí tí mo fọ́ wà nínú àpò ìwé yìí, mo fi bébà wé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àwòrán rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Máàsì.

Agbẹ́kànga kan,
Iléṣà.